Obìnrin tí Wọ́n Ń Pè ní Má-jẹ̀ẹ́-á-sinmi

Aránṣọ ni. Kí ó tó di pé àwọn oníròyìn ń wá a kiri, Àǹtí Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò wa ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ògiri gíga tí ó yí ilé iṣẹ́ bátìrì ká. Yàrá kan ṣoṣo ni, páànù lókè, ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ iléèwé àwọn ọmọ tí a kò tíì parí sì kọ́ yí gbogbo ara ògiri ká. Ẹni tí ó bá ń kánjú kì í gbé aṣọ lọ síbẹ̀, nítorí obìnrin náà lè tú gbogbo ojú rírán ká tí ó bá rí i pé apá ọ̀tún fi díẹ̀ gùn ju ti òsì lọ. Oníbàárà á máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rí i." Òun á ní, "Èmi ti rí i ná."

Kò bímọ. Ọkọ tí ó fẹ́ ẹ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ tipẹ́tipẹ́, a ò sì gbọ́ kí ó bú ọkùnrin náà rí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, nìkan ló kù ún kù. Ìdí iná ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bátìrì náà. Bátìrì ọkọ̀ tí ó ti kú ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀ láti ibi gbogbo. Wọn á fọ́ wọn, wọn á da omi inú wọn sílẹ̀, wọn á kó òjé tó wà nínú wọn sínú iná títí yóò fi yọ́, wọn á wá dà á sínú àpótí irin kí ó lè dì. Òjé tó dì yìí ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé lọ sí òkèèrè fún àwọn tó ń ṣe bátìrì tuntun. Iṣẹ́ gidi ni lójú wa. Ẹni tí ó bá ráyè wọlé síbẹ̀, gbogbo ẹbí rẹ̀ á dúpẹ́.

Ìyàwó àbúrò náà kú níbi tí ó ti ń bímọ. Lójú ẹsẹ̀ ni Àǹtí Aránṣọ gba ọmọbìnrin tuntun náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó wé e mọ́ra, ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Ìwọ máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Ọmọ ti rílé."

Ọmọ náà tètè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ, nígbà tí ó sì bẹ̀rẹ̀, kò dákẹ́ mọ́. Abẹ́ tábìlì ìránṣọ ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa bi àwọn oníbàárà léèrè ohun tó fà á tí imú wọn fi tóbi, tàbí ìdí tí ìyàwó wọn ò fi bá wọn wá. Rédíò ni a sọ ọ́. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Rédíò, ìròyìn wo ló wà ńlẹ̀ lónìí?" Ọmọ náà á sì dáhùn láìfi ojú kan ẹnikẹ́ni pé, "Ìyá mi ń bá aṣọ jà. Onídìrí ti bá oníbàárà rẹ̀ jà. Bàbá mi ò tíì dé."

Onídìrí tí ó ń wí yìí ni obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Bí bàbá Rédíò bá wá dé nírọ̀lẹ́, eruku á ti bò ó láti orí dé bàtà. Kò ní tíì ráyè jókòó tí ọmọ á ti fò mọ́ ọn, tí yóò ti máa fi ojú nu ara aṣọ rẹ̀. Bí ó bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gbọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ. Á gbọ̀n ọ́n títí tí kò fi ní sí eruku nínú rẹ̀ mọ́. Onímọ́tótó ni, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí ó yẹ kí Rédíò bẹ̀rẹ̀ iléèwé ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́. A ní aràn ni, wọ́n fún un lóògùn aràn. A ní ẹ̀jẹ̀ ló kéré nínú rẹ̀, wọ́n ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Á na ọwọ́ sí àlùmọ́gàjí tí ó ti mọ orúkọ rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ń rákò, á kàn ní, "Ìyẹn." Ó ti ń di pé tí ènìyàn bá bi í ní ìròyìn, á wo ẹni náà lójú bí ẹni tí wọ́n ń fi èdè àjèjì bá sọ̀rọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń wọ̀ ọ́ láṣọ lọ́wọ́, gìrì mú un. Ojú rẹ̀ yí, ọwọ́ àtẹsẹ̀ rẹ̀ le gbandi. Àǹtí Aránṣọ gbé e sáré gba àárín títì láì wọ bàtà.

Dókítà obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ló tọ́jú rẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí èsì dé, ó pe Àǹtí Aránṣọ wọ inú yàrá kékeré kan, ó ti ilẹ̀kùn.

"Mà, níbo lẹ ń gbé?"

"Ìdí ilé iṣẹ́ bátìrì."

"Ṣé ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nínú ilé yín?"

"Àbúrò mi. Bàbá ọmọ náà."

"Ta ló ń fọ aṣọ rẹ̀?"

"Èmi ni."

Dókítà náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó tún gbójú sókè. "Kí ẹ tó fọ̀ ọ́, níbo lẹ ti ń gbọ̀n ọ́n?"

"Ẹnu ọ̀nà ni," ni Àǹtí Aránṣọ wí. Dókítà wá ṣàlàyé fún un. Ó ní òjé wà nínú èéfín tó ń ti ilé iṣẹ́ náà jáde, ó wà nínú eruku aṣọ, ó sì wà nínú ilẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré. Ó ní tí ó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, ọpọlọ ló ń bá lọ. Ó ní oògùn wà tí yóò dín in kù nínú ẹ̀jẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" ni Àǹtí Aránṣọ bi í. "Ṣé yóò padà?"

"Mà, mi ò fẹ́ tàn yín. Ohun tó ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ, mi ò lè ṣèlérí rẹ̀. Ẹ sì tún gbọ́, tí ẹ bá gbé e padà sínú ilé yẹn, òjé náà ló máa tún kó sí i lára. Ṣé ibòmíràn wà tí ẹ lè kó lọ?"

"Kò sí."

Ó padà délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó da omi sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ó ti máa ń gbọn aṣọ, ó sunkún tí gbogbo wa fi jáde síta. Onídìrí rọra jókòó tì í. Ọmọkùnrin kan ni Onídìrí bí, ọmọ tí àwọn tíṣà ti sọ lọ́lẹ nítorí oorun tí ó ń sùn ní kíláàsì. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí dókítà sọ, ó bo ẹnu rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, a jẹ́ pé tèmi náà kì í ṣe ọ̀lẹ."

Àwọn méjèèjì ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Dókítà náà wá ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, orí tábìlì tí Àǹtí Aránṣọ fi ń gé aṣọ ló sì ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa. Ariwo ẹkún ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Nígbà tí èsì jáde, kò sí ilé kan tí wọn ò ti rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ọmọ tí ó ń gbàgbé nǹkan, ọmọ tí ó ń bínú lódìlódì, èyí tí kò ga, gbogbo ohun tí a ti ń tìtorí rẹ̀ nà wọ́n láti ọjọ́ yìí, inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló ti ń wá.

Àwọn obìnrin àdúgbò lọ bá máníjà ilé iṣẹ́ náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ní kí wọ́n jókòó. Ó ní òun náà ní ọmọ nílé. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n báwo la ṣe mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti wá? Ó lè jẹ́ ọ̀dà tí ẹ fi kun ilé yín." Kí wọ́n tó dìde, ó ti ní kí wọ́n gbé páálí mílíìkì jáde, ó ní kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ mu, pé mílíìkì máa ń fọ inú. Inú àwọn kan dùn, wọ́n gbé tiwọn lérí lọ sílé. Ní ọjọ́ kejì, Àǹtí Aránṣọ gba gbogbo mílíìkì náà jọ lọ́wọ́ wọn, kò sì rọrùn, torí ẹlòmíràn ti ń pò ó mọ́ tíì. Ó tò wọ́n sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ náà ní ìlà gbọọrọ, ó sì dúró tì wọ́n. Nígbà tí máníjà dé nínú ọkọ̀ rẹ̀, kò ríbi kọjá.

"Ẹ bá wa gbé e fún àwọn ọmọ yín tó wà nílé, sà," ló wí fún un. "Inú tiwọn náà lè fẹ́ fífọ̀."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ iṣẹ́ kan tí kì í dúró sẹ́nu géètì náà nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń wọlé. Á di àwòrán Rédíò mú lọ́wọ́. Kì í pariwo, á kàn máa kí àwọn òṣìṣẹ́ náà níkọ̀ọ̀kan, á sì máa bi wọ́n léèrè àlàáfíà ọmọ wọn. Ó sú ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ yìí ló kọ́kọ́ ké sí i lówùúrọ̀ ọjọ́ kan pé, "Màmá Má-jẹ̀ẹ́-á-sinmi, ẹ tún ti dé?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo ti dé o. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Nígbà tó yá, àwa náà ò rántí pe Àǹtí Aránṣọ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò dẹrùn nínú ilé. Àbúrò rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ kan, kò tilẹ̀ jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín. Ojú tí wọ́n fi ń wò mí níbi iṣẹ́ ò dáa mọ́."

"Ìwọ ńkọ́? Ojú wo lo fi ń wo ọmọ rẹ?"

"Ṣé ẹ rò pé kò dùn mí ni? Ọmọ mi ni! Àmọ́ tí wọ́n bá lé mi, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe? Ìdí iná nìkan ni mo mọ̀. Kí ló máa ra oògùn tí ẹ̀ ń fún un lò?"

Àbúrò rẹ̀ kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò, ó lọ ń gbé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní ó kéré tán, eruku òun ò ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ mọ́.

Nígbà tí àwọn obìnrin jókòó dí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà wọlé, ọlọ́pàá kó wọn. Wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀, wọ́n dá Má-jẹ̀ẹ́-á-sinmi nìkan dúró sí àtìmọ́lé, wọ́n ní ó ń da ìlú rú. Orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ló ń sùn. Nígbà tó jáde, àyà rẹ̀ ń dùn ún, ikọ́ tí ó kó níbẹ̀ ò sì fi í sílẹ̀ títí di òní.

Dókítà wa ni ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn kan ní òkèèrè, àwọn tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa jà fún irú àdúgbò bíi tiwa káàkiri ayé. Wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ìpàdé ńlá kan. Onídìrí ló di irun rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ tó wọ̀ lọ. Nígbà tó padà dé, a yí i ká, a ní kó ròyìn. Ó ní gbọ̀ngàn náà tutù bí inú fìríìjì. Ó ní òun sọ̀rọ̀, ẹnì kan sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí wọn létí. Ó ní òun bi wọ́n pé, "Nínú ọkọ̀ tí ó gbé yín wá síbí lónìí, ṣé ẹ mọ ibi tí òjé bátìrì rẹ̀ ti wá?" Ó ní gbogbo wọn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, obìnrin kan tó wọ kóòtù olówó ńlá dì mọ́ òun, ó ń sunkún. "Èmi ni mo wá ń rẹ̀ ẹ́ o! Mo ní kó má sunkún mọ́, pé ó máa dáa. Èmi tí mo rìn láti ibí dé ọ̀hún láti lọ sunkún fún wọn." A rẹ́rìn-ín tí omi fi bọ́ lójú wa.

Síbẹ̀, ìrìn àjò náà ò já sásán. Àwọn tó ń ra òjé náà gbọ́ ariwo, wọ́n ní àwọn ò rà á mọ́. Kò pẹ́ tí ìjọba fi rán àwọn èèyàn wá láti ti géètì ilé iṣẹ́ náà pa. Èéfín dáwọ́ dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́, aṣọ tí a sá síta dúró ní funfun. A jó ní títì lọ́jọ́ náà, èmi náà jó.

Ijó náà ò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ wa tí ìyà fi wọlé. Àwọn ọkùnrin tí kò níṣẹ́ mọ́ ń jókòó sẹ́bàá ògiri láti òwúrọ̀, ojú wọn ro kókó. Ní ọ̀sán gangan, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀bù Má-jẹ̀ẹ́-á-sinmi. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde, wọ́n fi òkúta fọ́ ọ yángá, wọ́n tiná bọ àwọn aṣọ iléèwé. Wọ́n ń pariwo pé, "O gba oúnjẹ lẹ́nu wa!" Òun gbé Rédíò mọ́ra nínú ṣọ́ọ̀bù Onídìrí, ó ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Àbúrò rẹ̀ wà láàárín wọn. Kò ju nǹkan kan. Ó kàn dúró, ó ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a gbọ́ pé ilé iṣẹ́ náà ti tún ṣí. Wọ́n kó gbogbo iná wọn kọjá odò, sí ìlú kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n, orúkọ mìíràn ni wọ́n kọ sẹ́nu géètì ibẹ̀. Àbúrò rẹ̀ bá wọn lọ.

Ó padà wá nígbà tí òjò ń rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti rọ láti ọrùn ọwọ́, kò lè gbé wọn sókè. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ ní kó máa lọ sílé nígbà tí kò lè di ṣọ́bìrì mú mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á wọlé. Dókítà sọ pé kíndìnrín rẹ̀ ti lọ. Fún ìyókù ayé rẹ̀, Má-jẹ̀ẹ́-á-sinmi ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ, tí ó ń wẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí ó ń wẹ̀ ẹ́ ní kékeré. Onídìrí tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà dédé sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́ ẹ̀rọ yín."

"Mo rí ọ."

"Mi ò ju òkúta."

"Mo rí ìyẹn náà."

"Àmọ́ mi ò dá wọn dúró."

Obìnrin náà rẹ aṣọ tó fi ń nu ún sínú omi gbígbóná, ó fún un, ó sì ń bá a lọ láti máa nu ẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a sin ín, Rédíò dúró lẹ́bàá pósí bàbá rẹ̀, ó ti ga, ó di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú. A ń retí kó bi wá léèrè nǹkan. Kò béèrè nǹkan kan.

Ó yẹ kí obìnrin náà sinmi lẹ́yìn èyí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, màá ti ilẹ̀kùn mi. Ṣùgbọ́n bí ó ti ṣe ọ̀fọ̀ tán ló wọ ọkọ̀ kọjá odò, ó lọ bá àwọn obìnrin ìlú kékeré náà. Wọ́n da omi lé e lórí, wọ́n ní kó padà síbi tó ti wá, pé ó tún fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ àwọn. Ó fi aṣọ tútù wọ ọkọ̀ padà sílé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún lọ. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ jẹ́ kó jókòó, obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ń ní gìrì. Báyìí, dókítà wa ti ń lọ síbẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ. Ilé iṣẹ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Òjé ò kúrò nínú rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti géètì. A pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì wà ní kóòtù títí tí àwọn ọmọ tí a tìtorí wọn pè é fi ń hu irùngbọ̀n. Nígbà tí adájọ́ wá pàṣẹ pé kí wọ́n kó erùpẹ̀ náà kúrò, ọdún tún kọjá kí a tó rí ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n gbẹ́ iwájú ilé àwọn tó wà létí títì ńlá, ibi tí àwọn oníròyìn lè dé. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà àdúgbò ẹ̀yìn, níbi tí ilé ti fún mọ́ra tí àwọn ọmọ sì pọ̀ jù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ṣọ́bìrì wọn.

Má-jẹ̀ẹ́-á-sinmi lọ bá awakọ̀ náà. "Ọmọ mi, apá ibí ńkọ́?"

"Màmá, ibi tí wọ́n ní ká gbẹ́ dé nìyí. Iṣẹ́ ti parí."

"Ta ló ní ó ti parí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ kúrò lọ́nà. Wọ́n ń dúró dè mí."

Ó yíjú padà sí Onídìrí, ó ní, "Bá mi gbé àga kan wá." Onídìrí gbé àga tí ó fi ń dirí fáwọn èèyàn wá. Obìnrin náà gbé e síwájú ọkọ̀ akẹ́rù náà gan-an, ó rọra jókòó, ó ń wúkọ́. Àwa náà gbé àga tiwa. Awakọ̀ fọn fèrè ọkọ̀ títí, ó sú u, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀ láti lọ pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. A gbọ́ tí ó ń sọ pé, "Rárá, sà, wọn ò bínú. Wọ́n kàn jókòó ni."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n gbẹ́ àdúgbò ẹ̀yìn. Abẹ́ ilé ni wọn ò gbẹ́, wọ́n ní ìyẹn ò sí nínú àṣẹ adájọ́. Ọ̀rọ̀ abẹ́ ilé náà ló gbé Má-jẹ̀ẹ́-á-sinmi lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ náà láàárọ̀ àná, ó mú Rédíò dání. Wọ́n ní ọ̀gá ò sí. Ó ní kò burú, ó sì jókòó dè é.